Fíìmù awo kọ́, fíìmù àwòtúnwò ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a máa pe ohun tí Òyìnbó ń pè ní cult movie, fíìmù tí àwọn olólùfẹ́ kan kì í fi sílẹ̀, ní "fíìmù awo". Wọ́n fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀: awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Mo gba òwe náà tọwọ́tẹsẹ̀, àmọ́ n kò lè gba orúkọ náà. Ẹ béèrè "fíìmù awo" lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fíìmù. Èyí tí wọ́n ti ń ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn ni yóò gbé fún yín. Awo a máa mulẹ̀, a sì máa pa ẹnu mọ́. Àwọn tí à ń sọ yìí kì í pa ẹnu mọ́ rárá. The Rocky Horror Picture Show tó jáde ní 1975 kò rí èrò tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn lọ́gànjọ́ òru ní New York ní 1976, àwọn awòran bẹ̀rẹ̀ sí í múra bí àwọn òṣèré inú rẹ̀, wọ́n ń pariwo dá wọn lóhùn, wọ́n sì ń da ìrẹsì níbi ìgbéyàwó inú fíìmù náà.

Àwọn tó ń wò ó ló sọ ọ́ di ohun tó dà. "Wò" ló sì yẹ kó wà nídìí orúkọ rẹ̀. Ẹ wo "àgbéléwò": ayé fídíò ló bí i, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ ni mo fẹ́ kí "àwòtúnwò" jẹ́.

Ṣaworoidẹ ni mo fi dán an wò. Tunde Kelani ló darí rẹ̀ ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tiwa gbó débi pé ìlà funfun ń sáré lójú tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ a kì í pa á. Lapite, ọba inú fíìmù náà, kò jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ oyè fún òun. Ìyá mi á ti máa mi orí kó tó kọ̀. Bí ìlù ṣaworoidẹ, tó máa ń mú kí orí fọ́ ẹni tó dé adé láìsín gbẹ́rẹ́, bá sì dún, tí ẹni tó fipá dé adé fẹ́ di orí mú, àwa ọmọ á ti di tiwa mú ṣáájú rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ìtàn ni mò ń lé. Ó dìgbà kẹta kí n tó gbọ́ ìlù dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà.

Ẹlòmíràn ní kí a lo "àkúndùn". Ó dùn létí, ṣùgbọ́n èèyàn lè kúndùn fíìmù fún oṣù kan kó sì gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yẹ ọ̀kan wò sí i: kí la ó máa pe àwọn olólùfẹ́ náà? "Awòran" ti fẹ̀ jù. Nílé wa, "ará Jogbo" là ń pe ara wa, nítorí ìlú inú fíìmù náà.