GAD-7 ò bi wọ́n nípa orí tó ń gbóná. Kí ni kí n ṣe sí ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé?

Àbẹ̀kẹ́400

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Mo wà ní ọdún ìkẹyìn ní ẹ̀ka sáìkọ́lọ́jì, àníyàn àwọn ọmọ 100 level ni mo sì ń ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì lé lórí. GAD-7, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń díwọ̀n àníyàn, ni sùpáfáísọ̀ mi ní kí n lò. Ìbéèrè méje ni, ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ni wọ́n ń béèrè, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 21. Mo pín in nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ilé ìkàwé kún fọ́fọ́, tí àwọn mìíràn ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ sùn síbẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu pé máàkì ọ̀pọ̀ wọn kéré. Mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìwé kún fún ọ̀rọ̀! "Orí mi máa ń gbóná tí mo bá ti ṣí ìwé." "Nǹkan ń rìn lórí mi bí èèrà." "Mo ń kàwé, ojú mi á ṣú, mi ò ní rántí ohun tí mo kà." Ọmọ kan tiẹ̀ ya orí èèyàn, ó fi ọfà tọ́ka sí àtàrí, ó kọ "ibí" síbẹ̀. Òun náà, mẹ́rin ló gbà.

Sùpáfáísọ̀ ní kí n fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀, pé máàkì nìkan là ń kà. Mi ò bá wọn jiyàn, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn ọmọ yìí ń ṣàníyàn ni àbí wọn ò ṣe? Ẹnì kan tún kọ ọ́ pé: "Ó ti rẹ̀ mí. Bí mo bá sùn tí mi ò jí mọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn." Mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́, torí èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n má kọ orúkọ.

BabaOlóore

Ọmọ mi, má da ara rẹ láàmú. Àwa náà kàwé, àtùpà la fi kà á, orí wa sì gbóná. Fóònù ló ń ṣe àwọn ọmọ ìwòyí. Kí wọ́n fi TikTok sílẹ̀, kí wọ́n jẹ ẹ̀bà, kí wọ́n sùn.

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì

Àbẹ̀kẹ́, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló jẹ mí lógún jù. Lónìí ni kí o sọ ọ́ fún sùpáfáísọ̀ rẹ, má dúró de ọjọ́ tí ẹ máa pàdé. GAD-7 kò béèrè bóyá ikú ń wu èèyàn, nítorí náà má wo máàkì ọmọ yẹn rárá. Níwọ̀n bí kò ti sí orúkọ níbẹ̀, gbogbo kíláàsì ni kí o padà lọ bá. Má ka ohun tó kọ jáde, má sì fi ìwé náà han ọ̀rẹ́ pé kó bá ọ dá ọwọ́ ìkọ̀wé mọ̀. Sọ fún gbogbo wọn pé o ti ka ohun tí wọ́n kọ, títí kan ti ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí o sì mú kánsẹ́lọ̀ dání, kó sọ yàrá tó wà fún wọn lẹ́nu ara rẹ̀. Ọmọ tó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò bi í, ó fẹ́ kí ẹnì kan kà á.

Ó wá ku ti orí gbígbóná. Nọ́ọ̀sì ọpọlọ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ wọ̀nyí lẹ́nu àwọn tó ti di bàbá ọmọ báyìí. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ l'Áró, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo wà níbẹ̀, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn lọ́dún 1960. Brain fag ló pè é, ìyẹn ni pé ó ti rẹ ọpọlọ. Ohun tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ni orí tó ń jó bí iná, ohun tó ń rìn lábẹ́ awọ orí, ojú tó ń ṣú, ìwé tí wọ́n ń kà tí kò wọlé. Ẹ̀yin Baba Olóore, ẹ dákun, kò sí TikTok lọ́dún 1960.

Prince rò pé ẹ̀kọ́ òyìnbó, tí oníkálukú ń dá nìkan ṣe, kò bá bí wọ́n ṣe tọ́ ọmọ wa mu. Èmi ò gbà. Ọmọwé Ayonrinde àtàwọn tí wọ́n jọ kọ̀wé lọ́dún 2015 fi hàn pé àwọn ará Britain ti ń lo orúkọ yẹn fún àwọn tiwọn tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́, láti ọ̀rúndún 19. Ti wọn gbàgbé, tiwa wá di àìsàn ilẹ̀ Áfíríkà! Ohun tí èmi rí lórí iṣẹ́ ni pé àkọ́bí ló pọ̀ nínú àwọn tó ń wá. Ọmọ tí wọ́n ta ilẹ̀ rán lọ sílé ìwé, tí àbúrò mẹ́rin ń dúró dè. Ẹ̀rù ń bà á, àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ọ̀jọ̀gbọ́n Morakinyo n'Ifẹ̀ náà tọ́ka sí ìfẹ́ àṣeyọrí tó pọ̀ jù, àìsùn, àti àwọn oògùn tí wọ́n fi ń lé oorun lọ.

Wàyí o, padà wo ìbéèrè méje tó wà lọ́wọ́ rẹ. Spitzer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde lọ́dún 2006, lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò lára àwọn àgbàlagbà tó wá sí klíníìkì 15 ní Amẹ́ríkà. Ó ń béèrè bóyá ọkàn ò balẹ̀, bóyá èèyàn ò lè dá àníyàn dúró, bóyá ara ò gba ìsinmi, bóyá inú tètè ń bí i, bóyá ẹ̀rù ń bà á pé ohun búburú yóò ṣẹlẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó béèrè orí, ojú tàbí ọrùn. Ọmọ tí tirẹ̀ wà lórí lè dáhùn "rárá" síbẹ̀ láìpurọ́. Ajọ̀ ni irinṣẹ́ yẹn, ó sì dára bí ajọ̀: ẹni tó bá gba 10 sókè, kí wọ́n pè é, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Kò sọ pé ẹni tó gba mẹ́rin kò ní nǹkan kan. Lórí ìbẹ̀rù àwùjọ nìkan, ìyẹn kí ojú èèyàn máa bani lẹ́rù, Bella àti Omigbodun rí i lọ́dún 2009 pé ó ti ṣe bíi mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn. GAD-7 kò sì béèrè ìyẹn náà ní tààrà.

Torí náà, má fi kún máàkì ẹnikẹ́ni nítorí ohun tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn màgòmágó ni. Fi máàkì sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o wá da gbogbo àkọsílẹ̀ yẹn kọ, kí o fi máàkì ẹni tó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lè gba abala tirẹ̀. Má sì kọ ọ́ pé brain fag ló ń ṣe wọ́n. Ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ń to orúkọ àìsàn ọpọlọ sí, èyí tó jáde lọ́dún 1994, dárúkọ rẹ̀. Nínú ti 2013, abẹ́ àìsàn ìrònújù kan ti Sìmbábúwè nìkan ni wọ́n ti dárúkọ rẹ̀. Lóde òní, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé klíníìkì, a ó wo ibà, a ó wo ojú rẹ̀, a ó béèrè oorun àti oúnjẹ, ká tó béèrè ìdààmú àti ìbànújẹ́.

TóbiẸnjiníà

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ mà. 300 level ni mo wà nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022, February sí October. A wọlé padà, wọ́n ki sẹ̀mẹ́sítà méjì bọ inú àsìkò díẹ̀, ni orí mi bá bẹ̀rẹ̀. Àdí ni ìyá mi fi ń pa mí lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà yẹn pé ṣé mò ń ṣàníyàn, màá ní kó kọjá lọ jàre. Orí ló ń dùn mí, èwo ni ti àníyàn? Dókítà klíníìkì ilé ìwé kan ló bi mí pé ta ló ń san owó ilé ìwé mi, omi bọ́ lójú mi níwájú rẹ̀. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún ẹnì kankan nílé.

BabaOlóore

Kò burú, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà sùn.

Àbẹ̀kẹ́400

Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti pe sùpáfáísọ̀ nípa gbólóhùn yẹn, wọn ò bínú rárá, àwọn fúnra wọn ló máa bá kánsẹ́lọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀la la máa lọ sí kíláàsì náà, kí ìdánwò tó fọ́n gbogbo wọn ká. Lórí àkọsílẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìwé, wọ́n ní kí n kọ ojú ewé méjì wá, àwọn á wò ó. Mà, nínú ìwé tí mo ní kí wọ́n fọwọ́ sí, mo sọ pé máàkì wọn ni mo máa lò. Ṣé kí n padà gba àṣẹ kí n tó da ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kọ?

Nọ́ọ̀sìTóFẹ̀yìntì

Bẹ́ẹ̀ ni, kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó fún ọ ní àṣẹ kí o tó da ìlà kan kọ. Ti kíláàsì ọ̀la kò nílò lẹ́tà kankan, ẹ lọ.