Ogun wo ló kó Rama ní ìgbèkùn?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìtumọ̀ Ramayana àti Mahabharata, ìtàn àtijọ́ méjì ti ilẹ̀ India, tí ẹ̀gbọ́n wa ṣe sí Yorùbá, tó fi ránṣẹ́ lánàá, níbi tí wọ́n ti pe ọdún 14 tí Rama, ọmọ ọba Ayodhya nínú Ramayana, lò nínú igbó ní "ìgbèkùn". Inú mi kò dùn sí i rárá.

Kíkó ni wọ́n ń kó èèyàn ní ìgbèkùn. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni, "Ogun wo ló kó o?" Ogun wo wá ló kó Rama? Kaikeyi, ìyàwó bàbá rẹ̀, ló rán Ọba Dasharatha létí ìlérí méjì tó ti ṣe fún un: ó ní kí Bharata ọmọ òun gorí oyè, kí Rama sì wọgbó lọ. Rama fúnra rẹ̀ ló mú ọrun àti ọfà, tó jáde ní Ayodhya, kí ìlérí bàbá rẹ̀ má baà yẹ̀. Bharata tọ̀ ọ́ lọ, ó bẹ̀ ẹ́ kó máa bọ̀ nílé, ó kọ̀. Ta ni wọ́n kó ní ìgbèkùn rí, tí wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé, tó kọ̀? Sálúbàtà rẹ̀ ni àbúrò gbà, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó lọ fi í sórí ìtẹ́ ní Nandigrama, òun náà sì ń wọ aṣọ èèpo igi títí ẹ̀gbọ́n fi dé. Ọbàkan ni wọ́n o!

Sita, ìyàwó Rama, tí Ravana, ọba àwọn ẹ̀mí búburú, jí gbé lọ sí Lanka, ló wà ní ìgbèkùn. Bí a bá ti ná ọ̀rọ̀ yẹn tán lórí ọkọ, kí la ó fi pe ti ìyàwó?

"Ìgbégbó" tí ẹnìkan dábàá sàn díẹ̀, torí pé vanavāsa ni wọ́n ń pè é nínú Sanskrit, èdè àtijọ́ India: vana ni igbó, vāsa ni gbígbé. Àmọ́ àwọn rishi, ìyẹn àwọn ẹni mímọ́ wọn, náà ń gbé inú igbó, kò sẹ́ni tó lé wọn. Lílé yẹn gan-an ni kò gbọdọ̀ sọnù. "Ìlésígbó" ni kí á pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà, kí ẹni náà jẹ́ "àlésígbó", bí a ṣe ní "àyànfẹ́". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ì- sípò à-. Ẹni tó sì túmọ̀ "stepmother" sí "ìyá-ìgbésẹ̀" fún Kaikeyi, ìyàwó bàbá ni Yorùbá ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí méjì.

Ti àwọn ọmọ Pandu, àwọn ọmọ ọba inú Mahabharata, ló ṣì ń dà mí láàmú. Shakuni ló ta tẹ́tẹ́ fún Duryodhana, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tó fi gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Fún ọdún 12, àlésígbó ni wọ́n. Ọdún kẹtàlá ńkọ́? Ààfin Ọba Virata ni wọ́n wà: Bhima ń dáná, Arjuna ń kọ́ ọmọbìnrin ọba níjó, Yudhishthira ń bá ọba ta tẹ́tẹ́ tó lé òun alára nílé. Bí ẹnikẹ́ni bá dá wọn mọ̀, wọ́n á tún fi ọdún 12 mìíràn gbé inú igbó. Ẹ̀gbọ́n pe èyí ní "ìparadà". Ìparadà tí èmi mọ̀, ti àgbọ̀nrín tó di obìnrin ni. Mo fi "ìfarasin" sí i, ṣùgbọ́n wọn ò sá pamọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, kí la ó pe ẹni tó dúró lójú gbogbo èèyàn, tí ojú kò sì mọ̀ ọ́n?