Báwo la ṣe ń kọ minute tí Akọ̀wé Àgbà kò fi ní dá a padà?

Akọ̀wéTuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìbéèrè mi wà fún àwọn tó ń kọ fáìlì lójoojúmọ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Tí a bá fẹ́ tọrọ àṣẹ láti náwó, ká ní láti ra tábìlì àti àga sí yàrá ìpàdé, kí ló gbọ́dọ̀ wà nínú minute náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a ń kọ sínú fáìlì sí ọ̀gá, tí wọn ò fi ní kọ "Speak" (wá ṣàlàyé lẹ́nu) sí i lórí kí wọ́n dá a padà? Àwọn kan ní ká to gbogbo ìtàn ọ̀rọ̀ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní ojú-ìwé kan ti tó. Èwo ni ká mú?

Aláfáìlì
Àbúrò, o káre tí o béèrè. Ìpínrọ̀ ìkẹyìn ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, ìyẹn prayer, ibi tí a ti ń tọrọ àṣẹ gan-an. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ síbẹ̀ ni "Above for your kind approval, please." Tí ọ̀gá bá wá kọ "Approved" sábẹ́ rẹ̀, kí gan-an ló fọwọ́ sí? Àwọn akáǹtì ò lè fi ìyẹn sanwó.

Nínú prayer fúnra rẹ̀ ni kí o ti sọ ohun tí a fẹ́ rà, iye tí a fẹ́ rà, ẹni tó fẹ́ tà á, àti abala ètò ìṣúná tí owó ti máa jáde. Kọ owó ní nọ́ńbà, kí o tún kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀. Bí tábìlì àti àga bá jẹ́ ₦4,800,000, VAT 7.5% lórí rẹ̀ jẹ́ ₦360,000, àpapọ̀ á jẹ́ ₦5,160,000. Tó bá jẹ́ ₦4,800,000 nìkan lo kọ, ₦360,000 tó kù kò ní àṣẹ, fáìlì á tún gòkè lọ lẹ́ẹ̀kejì nítorí rẹ̀.

Tí ohun tí o ń tọrọ bá ju ẹyọ kan lọ, pín wọn sí (a), (b), (c), kí ọ̀gá lè gba ọ̀kan kó má sì gba èkejì. Kí o tó fi sílẹ̀, fọwọ́ bo gbogbo òkè ìwé náà, ka prayer nìkan. Tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà bá lè fi ṣiṣẹ́, ó ti dáa.

ÌyáRegistry
Ti ìtàn tí ẹ béèrè: inú fáìlì ló wà, ẹ má tún un kọ. Ìpínrọ̀ kan tó ń tọ́ka ti tó: "p. 14, ìpínrọ̀ 3 ni lẹ́tà ìbéèrè wà, p. 17 sí 19 ni iye owó tí ilé ìtajà mẹ́ta mú wá." Kí ẹ wá fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ há ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ dárúkọ, kí ọ̀gá má baà máa ṣí i kiri. Ìwé tí kò bá ní nọ́ńbà lókè lápá ọ̀tún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kúrò lórí tábìlì yín. Irú rẹ̀ ló ń yọ nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni kì í mọ̀.

Tí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo lé e lórí, kí ẹ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi Tipp-Ex pa á rẹ́, nítorí ojú tí ọ́dítọ̀ fi ń wo ibi tó funfun láàárín ìwé kì í ṣe ojú rere.

Ẹ má sì kọ KIV (keep in view, ìyẹn kí fáìlì ṣì dúró ná) láìfi ọjọ́ sí i. Ibẹ̀ ni fáìlì máa ń sùn sí. Ẹ kọ "B.U." (bring up, ìyẹn kí a tún gbé e wá) pẹ̀lú ọjọ́, àwa tó ń tọ́jú fáìlì ní registry á kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí wa, a ó sì gbé e wá bá yín lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà tó bá béèrè àkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin Freedom of Information ti 2011, ọjọ́ 7 ni òfin fúnni láti fèsì, nítorí náà B.U. rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kẹta.

Akọ̀wéTuntun
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ jọ̀ọ́, "I am directed" (wọ́n pàṣẹ fún mi) tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ńkọ́? Ṣé inú gbogbo lẹ́tà ló yẹ kó wà?

Aláfáìlì
Rárá o. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé lórúkọ Akọ̀wé Àgbà ló ń kọ ọ́, á sì kọ "for: Permanent Secretary" sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ Akọ̀wé Àgbà fúnra rẹ̀ ló fẹ́ fọwọ́ sí i, má kọ ọ́ síbẹ̀. Rántí pé ìpínrọ̀ kìíní kì í ní nọ́ńbà. Láti orí 2 la ti ń kà á.

OjúÀtúnṣe
Ẹ jẹ́ kí n fi ti àtúnṣe kún un. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí orúkọ àti ọjọ́ tẹ̀ lé e, kí gírámà gbẹ̀yìn. Ẹ tún owó rò pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò, kó dọ́gba nínú ìpínrọ̀ àti nínú prayer. Lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ kà á sókè. Ojú a máa fo ohun tí ẹnu máa kọsẹ̀ lé.

Àwa Yorùbá a máa kí ènìyàn dáadáa ká tó dé orí ọ̀rọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ nínú fáìlì, "kindly" kan ti tó. "Kindly please", "revert back", ẹ yọ wọ́n kúrò.

Èyí tó ń dójú tini jù ni lẹ́tà ọdún tó kọjá tí a ṣí, tí a wá yí orúkọ òkè rẹ̀ padà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ti àtijọ́ á ṣì jókòó sí ìpínrọ̀ 3. Tó bá di dandan kí ẹ lo ti àtijọ́, ẹ tẹ Ctrl+F, ẹ wá orúkọ àtijọ́ náà, kí ẹ tún wá ọdún tó kọjá, kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni.