Sín ni, kì í ṣe gé: ọ̀rọ̀-ìṣe fún iṣẹ́ plọ́tà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ká máa lò fún plọ́tà àti iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù pátákó ìpolówó ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn báyìí, ni a ti ń fà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Alàgbà tó kọ̀wé láti Iléṣà ní kí a máa pè é ní ẹ̀rọ ayàwòrán, nítorí pé bírò ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ń ya àwòrán ilé nígbà àtijọ́. Àǹtí wa tó jẹ́ olùkọ́ mú ẹ̀rọ ìfínlẹ́tà wá. Ẹnì kan sì túmọ̀ ohun tí Òyìnbó ń pè ní kiss cut, ìyẹn gígé ojú sítíkà láì dá bébà ẹ̀yìn rẹ̀ lu, sí "gígé ìfẹnukonu". Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun ní Lágere, ní Ifẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí lójú ẹni tí abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Òótọ́ ni ìtàn tí Alàgbà sọ. Títí dòní, bí ẹ bá yọ abẹ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ náà tí ẹ fi bírò sí i, á ya ilà fún yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ẹ̀rọ ayàwòrán tí kámẹ́rà kò ní wá sí i lọ́kàn? Plọ́tà ni gbogbo ọmọṣẹ́ ń pè é. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí a ṣe fi bírò àti kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni a kò ní.

Awẹ́ méjì ni sítíkà ní: ike tínínrín tó ní gọ́ọ̀mù lábẹ́, àti bébà dídán tó gbé e dúró. Abẹ gbọ́dọ̀ gba inú ike kọjá, kí ó kan bébà, kí ó sì mọ níwọ̀n. Bí ó bá dá bébà lu, iṣẹ́ á há sínú ẹ̀rọ. Bí kò bá gé ike tán, lẹ́tà á fàya nígbà tí a bá ń yọ ọ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan, mo máa ń kọ́kọ́ dán onígun mẹ́rin kékeré kan wò ní etí sítíkà. Màá fi orí abẹ́rẹ́ ká ike rẹ̀ kúrò, màá sì wo ojú bébà tó wà níbẹ̀. Ilà fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fẹ́ rí. Bí mo bá fọwọ́ pa ẹ̀yìn bébà tí ilà náà kàn mí lọ́wọ́, agbára abẹ ti pọ̀ jù, màá dín in kù.

Gé kò sọ ìyẹn. Bí mo bá ní kí ọmọṣẹ́ "gé e", tó gé e já, kò ṣẹ̀ mí. A sì máa ń gé sítíkà já lóòótọ́, nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ pín in fún èèyàn lẹ́yọ-lẹ́yọ. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n, ọ̀rọ̀ méjì ló yẹ wọ́n. Ti ìfẹnukonu ńkọ́? Yorùbá kì í fi ìfẹnukonu sọ̀rọ̀ ohun tó kàn fara kan nǹkan, ọmọṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ kò ní mọ ibi tí abẹ yẹ kó dúró sí.

Fín súnmọ́ ọn gan-an. Ẹni tó ń fín igbá kì í dá igbá lu. À bá gbà á lọ́wọ́ Àǹtí, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kan náà la ti ń fín ọ̀dà. A máa ń lẹ sítíkà tí a ti yọ lẹ́tà inú rẹ̀ mọ́ pákó, ká wá fín ọ̀dà gba ojú rẹ̀. "Fín lẹ́tà yẹn" á wá di ohun méjì lẹ́nu ọ̀gá kan, lórí iṣẹ́ kan.

Sín ni èmi mú wá. Gbogbo wa mọ sísín gbẹ́rẹ́: abẹ wọ awọ, kò wọ ẹran. Ìwọ̀n ibi tí abẹ dé ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan á ní gbẹ́rẹ́ jẹ mọ́ oògùn, pé onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí lè má fẹ́ gbọ́ ọ níbi iṣẹ́. Gbẹ́rẹ́ ló jẹ mọ́ oògùn. Ohun tí abẹ ṣe ni sín ń sọ. "Sín in" fún ike nìkan, "gé e já" fún ike àti bébà.

Lẹ́yìn sísín ni yíyọ, ìyẹn kíká ike tí a kò fẹ́ kúrò láàárín lẹ́tà. Òyìnbó fi wé oko ríro. Ẹ jọ̀ọ́, a kì í ro sítíkà. Níbi yíyọ yìí ni èdè wa gan-an ti ń jìyà, òun ló sì dùn mí jù. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, àti àmì ohùn, kò so mọ́ lẹ́tà. Ẹyọ ike kéékèèké ni wọ́n, gọ́ọ̀mù tó dì wọ́n mú kò tó nǹkan. Bí ọmọṣẹ́ bá fa ìyókù, wọ́n á bá a lọ. Kí wàhálà lè dín, àwọn kan kì í fi àmì sí i rárá. Báyìí ni ỌKỌ̀ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ṣe ń di OKO ILE-EKO lára bọ́ọ̀sì, tí àlejò á fi kà á bí oko kan ní Èkó. Kọ̀ǹpútà tún dá kún un: ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní; àmì ohùn ní láti wá gun orí rẹ̀ lọ́tọ̀, bí fọ́ǹtì kò bá sì mọ ibi tó yẹ, á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ilà òòró kúkúrú ni mò ń lò dípò àmì róbótó abẹ́ lẹ́tà. Mo máa ń so ó mọ́ ìdí lẹ́tà nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya iṣẹ́, màá pa méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, kí abẹ má baà gba àárín wọn. Ilà yìí kì í ṣe àjèjì, ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ni wọ́n fi tẹ̀. Àmì ohùn kò ṣe é so, nítorí náà mo máa ń mú un nípọn, màá sì fi abẹ tí igun ẹnu rẹ̀ jẹ́ 60 dígírì sín in dípò ti 45. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin onímọ̀ èdè tó wà láàárín wa fọwọ́ sí ilà òòró yìí fún iṣẹ́ sítíkà, kí a lè fi han àwọn ọ̀gá yòókù.

Tépù ìgbélẹ́tà tí ẹ ti gbà, fún tépù tí a fi ń gbé lẹ́tà kúrò lórí bébà lọ síbi tí a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́, dára. Àmì ìforúkọsílẹ̀, tí ẹ fi túmọ̀ registration mark, ni kò dára. Sítíkà aláwòrán la ń wí: a ó tẹ̀ ẹ́, a ó jẹ́ kí tádàwà rẹ̀ gbẹ fún nǹkan bíi wákàtí 24, a ó fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ plọ́tà. Àwọn àmì dúdú tí a tẹ̀ sí igun rẹ̀ ni ojú ẹ̀rọ ń wá, kí abẹ lè mọ ibi tí àwòrán wà. Kò sẹ́ni tó ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Àmì atọ́nà ló yẹ ẹ́.

Ẹni tí sín kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó mú òmíràn wá, kí ó sì sọ bí ọmọṣẹ́ yóò ṣe mọ̀ láti inú rẹ̀ pé orí bébà ni abẹ ti ń dúró.