Báwo ni mo ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ orí àwòrán di ńlá nínú GIMP láì jẹ́ kó di bàìbàì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, lò dáadáa. Mo la àwòrán tuntun, mo fi píksẹ́lì 1080 sí ìbú àti gíga rẹ̀, mo sì kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní búlúù. Mo tẹ T lórí kíbọ́ọ̀dù láti mú irinṣẹ́ ọ̀rọ̀ jáde, mo fi àwọ̀ funfun kọ àkọlé mi. Ó mọ́ kedere, àmọ́ ó kéré jù.

Mo wá fi irinṣẹ́ Scale fà á títí ó fi fẹ̀ dé etí àwòrán. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Etí àwọn lẹ́tà di bàìbàì, pàápàá àwọn tó rí roboto bí O àti S. Nígbà tí mo sì fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan padà, GIMP kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá tún un kọ, gbogbo àyípadà tí mo ti ṣe sí i yóò pòórá.

Ṣé nọ́ńbà Size inú irinṣẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ni kí n máa fi sọ ọ́ di ńlá ni? Mo tún fẹ́ kí ìlà dúdú tín-ín-rín yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ká, torí fọ́tò ni màá gbé sẹ́yìn rẹ̀ tó bá yá, mi ò sì fẹ́ kó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ṣé ìyẹn ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà sì ṣì ṣeé tún kọ?

Ẹ̀dà 2.10 ni mò ń lò, XCF, irú fáìlì tó jẹ́ ti GIMP fúnra rẹ̀, ni mo sì fi tọ́jú iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.