Aró ń ṣí lára àdìrẹ mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Akúrẹ́ ni mo wà. Mo máa ń gbẹ́ àwòrán sára fóòmù, màá fi í tẹ àbẹ́là yíyọ́ sára aṣọ, kí n tó rẹ ẹ́ sínú aró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan gbé tirẹ̀ padà wá: búlúù ti ba léèsì funfun rẹ̀ jẹ́. Ojú tì mí! Mo ti fi kún iyọ̀, mo ti jẹ́ kí aṣọ pẹ́ nínú aró, kò yàtọ̀. Àwọ̀ pupa kì í ṣí rárá o, búlúù yìí nìkan ni.

Ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Oǹdó ní mi kì í jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i tó kí n tó ṣàn án. Ọ̀rẹ́ mi ní sítáàṣì tó ti ilé iṣẹ́ bá aṣọ wá ni kò jẹ́ kí aró wọlé. Ọ̀pá 30 aṣọ ẹbí ló wà nílẹ̀, mi ò lè fi owó olówó dánrawò.

Ẹ̀yin aláró, èwo nínú méjèèjì ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.