Ṣé èmi náà ni mo kọ ìtàn yìí?

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Níbi tí mo ti ń palẹ̀ yàrá mi mọ́ nílé, mo rí ìwé àjákọ kan tí mo fi kọ ìtàn ní ogún ọdún sẹ́yìn. Gbólóhùn kan nínú rẹ̀ lọ báyìí: "Nígbà tí oòrùn ti wọ ibùsùn rẹ̀ lọ, tí òkùnkùn sì ti da aṣọ dúdú bo igbó àti ọ̀dàn, ni àwa arìnrìn-àjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àjàṣẹ́-Ìpo." Lónìí, ohun tí n ó kọ ni: "Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé Àjàṣẹ́." Ṣé ọwọ́ mi ló gbó síi, àbí ìmẹ́lẹ́ ni?

Akọ̀ròyìn Ìlọrin: Àbúrò, kì í ṣe ìmẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ ìròyìn tí wọ́n ń kà lórí rédíò ní Ìlọrin níbí. Bí gbólóhùn bá gùn jù, èémí ẹni tó ń kà á yóò tán sáàárín, yóò dánu dúró níbi tí kò yẹ, ìtumọ̀ á sì wọ́. Bírò pupa ni olóòtú wa fi ń gé "èyí tí" kejì nínú gbólóhùn kan. Kí ọdún méjì tó pé, lẹ́tà tí mo ń kọ sí ìyàwó mi ti dà bí ìròyìn aago méje! Wo irú iṣẹ́ tí o ti ń ṣe láti ìgbà náà.

Ìyá Ọmú-Àrán: Òótọ́ ni Akọ̀ròyìn sọ, àmọ́ gbólóhùn gígùn yẹn gan-an, n kò gbà pé tìrẹ ni. Ìwé tí a kà nílé ẹ̀kọ́ ló gbé e bá ọ. Láti 1938 tí ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà ti jáde ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń yá ohùn rẹ̀ lò, torí òun ni a kọ́kọ́ fẹ́ràn. Àyálò náà dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń fún ẹni tó bá dàgbà lápá. Ti àkọtọ́ yàtọ̀ síyẹn: "aiye" àti "enia" ni mo ń kọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, mo yí i padà, ohùn mi kò sì yí. Nínú gbólóhùn rẹ kejì ni mo ti gbọ́ ẹni tó rin ọ̀nà Àjàṣẹ́ rí. Tún ìwé náà yẹ̀ wò, kí o wá ibi tí o ti ń sọ̀rọ̀ bí ará ilé yín.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ ṣeun, Mà. Mo ti rí ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ìyá mi ni, mo sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Ẹni tó gbé àtùpà ti sùn, ẹ fọwọ́ wá ilẹ̀kùn." N kò ní ohun tí mo fẹ́ gé níbẹ̀.